Òkú Ẹ̀rọ àti Owó Ìsìnkú Rẹ̀: Ọ̀ràn Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò

Ní ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, ìlú mẹ́ta kan wà tí ilé wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ara wọn tán: Ọ̀jọ́ àti Ìbà, tí í ṣe ìlú àwọn Àwórì láti ìgbà láéláé, àti Òkòkòmáíkò, tí èrò kì í wọ́n ní ibùdókọ̀ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ agbègbè náà nítorí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1983. Àwọn oníṣòwò mọ̀ ọ́n nítorí ọjà Alábà, níbi tí a ti ń ta ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, fíríìjì, rédíò, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ amúnáwá, tuntun àti àlòkù. Díẹ̀ ni ọjà mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó lè bá a dọ́gba nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé ni Tòkunbọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ lórí ènìyàn mọ́. Ọkọ̀ tí òyìnbó ti gùn rí, tòkunbọ̀ ni. Fíríìjì tí a kó bọ̀ láti Jámánì tàbí láti London, tòkunbọ̀ ni òun náà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi orúkọ ènìyàn pe ẹ̀rọ lè rò pé àwàdà lásán ni òun ń ṣe, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ kan ọ̀ràn tí ó le. Ọmọ tí ó ti òkun bọ̀ ní bàbá, ó ní ìyá, bí ọlọ́jọ́ bá sì dé, ẹbí ń bẹ tí yóò dáwó sin ín. Ẹ̀rọ tí ó ti òkun bọ̀ kò ní ẹbí kankan ní ìlú tí ó kú sí. Ta ni yóò wá san owó ìsìnkú rẹ̀?

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Alábà. Ẹ̀rọ tí àwọn ará Yúróòpù ti sọ nù bí ohun tí kò wúlò mọ́, àwọn ọmọ wọ̀nyí a tú u palẹ̀, wọn a yọ ẹ̀yà ara ọ̀kan fi tún òmíràn ṣe, ẹ̀rọ náà a sì tún fi ọdún púpọ̀ sin ìdílé kan ní Ìlọrin tàbí ní Ṣakí. Ọ̀pọ̀ ilé tí kò lè ra tuntun ni ó ti ipa bẹ́ẹ̀ mọ adùn omi tútù. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ni ó ní òpin. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti kọ̀ jálẹ̀, tí àtúnṣe kò ran án mọ́, orúkọ rẹ̀ a yí padà, a di kọ̀ndẹ́mù, a sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ń fi ọmọlanke kó irin kiri. Àwọn wọ̀nyí ń fi òòlù fọ́ dígí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti àtijọ́ kí wọ́n lè yọ bàbà inú rẹ̀, wọ́n sì ń dáná sun wáyà kí rọ́bà ara rẹ̀ lè jó dànù. Bàbà ni wọ́n ń wá, nítorí bàbà ni ó ní olówó. Dígí tí wọ́n fọ́ kò ní olówó, bẹ́ẹ̀ ni òjé tí ó wà nínú rẹ̀ lè tó kìlógíráàmù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Eérú wáyà kò ní olówó. Èéfín kò ní olówó. Ilẹ̀ ni ó gba ìwọ̀nyí, Yorùbá sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Ilẹ̀ agbègbè yìí jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn létí ọ̀sà, omi kò jìnnà sí òkè rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni ó sì ń pọn omi kànga. Àwọn olùwádìí tí ó ti wọn erùpẹ̀ ní àyíká Alábà ti rí òjé, bàbà àti àwọn irin olóró mìíràn níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Láti mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí irú òkú bẹ́ẹ̀, ó dára kí a kọ́kọ́ wo ẹgbin tí aráyé ń bẹ̀rù jù lọ, nítorí orí rẹ̀ ni àwọn ìjọba ti kọ́ bí a ti í náwó lé ẹgbin lórí. Àwọn ohun kan ń bẹ tí ń tú ìtànṣán olóró jáde láti inú ara wọn, láìsí iná, láìsí ariwo, láìsí òórùn. Ojú kò rí ìtànṣán náà, ọwọ́ tí ó kàn án kò sì mọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ lára ènìyàn, ó lè pa á láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bí kò bá sì pa á, ó lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. A ń lo àwọn ohun wọ̀nyí ní ilé ìwòsàn, a ń fi wọ́n yẹ irin wò, a sì ń fi wọ́n wá epo rọ̀bì nínú ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá di àlòkù, kò sí iná tí ó lè jó oró inú wọn, kò sì sí omi tí ó lè fọ̀ ọ́ nù. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọn a kó o jọ, wọn a yọ́ ọ mọ́ dígí tàbí pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ títí agbára rẹ̀ yóò fi rọ̀. Cesium 137 ń pàdánù ìdajì agbára rẹ̀ láàárín 30 ọdún. Americium 241 ń lo 432 ọdún kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, plutonium 239 sì ń lo nǹkan bí 24,000 ọdún, èyí tí ó ju gbogbo ìtàn tí àwọn ọmọ Odùduwà lè rántí lọ ní ọ̀nà púpọ̀.

Ní Hanford, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ìjọba ni ó ṣe plutonium tí a fi ṣe bọ́ǹbù tí a jù sí Nagasaki ní 1945. Nígbà tí iṣẹ́ náà dópin, ìkòkò irin ńláńlá 177 ni ó kù sínú ilẹ̀ pẹ̀lú omi olóró tí ó ju 200 mílíọ̀nù lítà lọ. Kò sí ẹlòmíràn tí a lè na ìka sí. Ìjọba tí ó ṣe ẹgbin ni ó gbọ́dọ̀ palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 1989 fún iṣẹ́ ìpalẹ̀mọ́ yìí nìkan, tí wọ́n sì ya owó sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún wíwá ọgbọ́n tuntun, nítorí ọgbọ́n tí ó wà nígbà náà kò tó iṣẹ́. Ní 2019, ìṣirò tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe fi hàn pé iṣẹ́ tí ó kù ní Hanford yóò gba ohun tí ó ju 300 bílíọ̀nù dọ́là lọ. Ìjọba Britain náà dá irú àjọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, Sellafield sì ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ irú iye bẹ́ẹ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó ni, àti pé kò kan ẹni tí ń ti ọmọlanke ní Òkòkòmáíkò. Ó kàn án gidigidi. Ní oṣù Kẹsàn-án 1987, ní ìlú Goiânia ní Bràsíìlì, àwọn ọkùnrin méjì wọ ilé ìwòsàn kan tí a ti pa tì, wọ́n yọ ẹ̀rọ tí a fi ń wo jẹjẹrẹ, wọ́n sì tà á fún ẹni tí ń ra irin àlòkù. Cesium wà nínú rẹ̀. Ní òru, ó ń tàn bí iná aláwọ̀ búlúù, ẹwà rẹ̀ sì mú kí wọ́n máa bù ú fún ará àti ọ̀rẹ́. Ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan fi ọwọ́ tí ó ti fi kàn án jẹun. Ènìyàn mẹ́rin kú, ọmọ náà sì wà lára wọn. Ìjọba yẹ ara àwọn tí ó ju 112,000 lọ wò. Wọ́n wó ilé, wọ́n sì hú erùpẹ̀ òkè ilẹ̀ kó lọ sí ibi tí a ń ṣọ́ di òní. Owó iyebíye kọ́ ni àwọn ọkùnrin méjì náà wá lọ. Owó irin ni, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn tí ń ṣa bàbà ní Ọ̀jọ́.

Nàìjíríà pàápàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe alábàápàdé irú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2002, ohun èlò olóró tí a fi ń wá epo, tí americium wà nínú rẹ̀, sọnù nínú ọkọ̀ láàárín Warri àti Port Harcourt. Nígbà tí a ó fi gbúròó rẹ̀ ní 2003, ó ti dé Jámánì nínú ẹrù irin àlòkù. Ọ̀nà tí òkú ẹ̀rọ ń gbà wọ Èkó ni ó gbà jáde, bí ènìyàn bá rò ó dáradára, àyàfi pé ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí àwọn yòókù ń lọ. Àjọ tí a ń pè ní NNRA ni ó ń ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin 19 ti 1995 ni ó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2001 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìlànà tí gbogbo ayé fi ọwọ́ sí nípa àwọn ohun ìtànṣán tí ó lágbára rọrùn láti sọ: kí ẹni tí ó bá fẹ́ kó o wọ̀lú kọ́kọ́ gba àṣẹ, kí a sì ti mọ̀ kí ó tó dé, ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò padà sí nígbà tí ó bá di àlòkù. A ti mọ ẹni tí yóò sin òkú náà kí a tó bí i.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a dúró lé lórí níhìn-ín. Cesium, bí ó ti burú tó, ń rọ̀. Lẹ́yìn 300 ọdún kò ní kù ju ìdá kan nínú 1,000 lọ. Òjé kì í rọ̀. Òjé tí ó bọ́ sínú ilẹ̀ Ọ̀jọ́ lónìí yóò jẹ́ òjé lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún, oró rẹ̀ kò sì ní dín. Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé nípa erùpẹ̀ tí ó ń fi ọwọ́ kó sẹ́nu, ó sì ń ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ láìsí àmì tí olùkọ́ lè tètè rí, bí kò ṣe pé ọmọ náà kò lè fara balẹ̀, ìwé kò sì wọ̀ ọ́ lórí. Síbẹ̀, ẹ̀rù ìtànṣán ń ba àwọn ìjọba ju ẹ̀rù òjé lọ, bí ẹ̀rù bá sì ti tó ni owó ń tó.

A rí èyí dájú ní 1988. Láàárín 1987 àti 1988, ọkọ̀ ojú omi kó nǹkan bí 4,000 tọ́ọ̀nù ẹgbin olóró láti Ítálì wá sí ìlú Koko, nítòsí Warri, wọ́n sì kó o sí àgbàlá ẹnì kan tí ó fi ilẹ̀ rẹ̀ yá wọn ní owó tí kò tó nǹkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní Ítálì ni ó ta ilé lólobó. Ariwo ta pé ẹgbin tí ń tú ìtànṣán ni, ariwo náà ni ó sì mú kí ayé dìde. Àwọn onímọ̀ ti òkè òkun wá pẹ̀lú ohun ìwọ̀n. Òróró olóró tí à ń pè ní PCB ni ọ̀rọ̀ wá dá lé lórí. Ìjọba Nàìjíríà pe aṣojú rẹ̀ ní Ítálì wálé, ó sì gbá ọkọ̀ ojú omi Ítálì kan mú, Ítálì sì gbà láti wá kó ẹgbin rẹ̀. Ọkọ̀ Karin B, tí ó gbé apá kan nínú rẹ̀, rìn kiri Yúróòpù, èbúté lẹ́yìn èbúté ń kọ̀ ọ́, títí ó fi padà sí Ítálì. Ọdún kan náà ni ìjọba ológun gbé Àṣẹ 42 jáde, tí ó sọ gbígbé ẹgbin olóró wọ̀lú di ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n gbére wà fún, ó sì dá àjọ àyíká sílẹ̀ nípa Àṣẹ 58. Àdéhùn Basel tẹ̀lé e ní 1989, àti ti Bamako ní 1991. Koko ní ẹni tí a lè dá lẹ́bi: ẹrù náà ní orúkọ, ó ní ìwé, ó ní ìlú tí ó ti wá.

Àwọn abúlé Zamfara kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní 2010, a rí i pé àwọn tí ń wa góòlù ti ń lọ òkúta tí òjé wà nínú rẹ̀ nínú ilé àti àgbàlá wọn, ó sì ju 400 ọmọdé lọ tí ó kú. Ọgbọ́n tí a fi tún ilẹ̀ náà ṣe kò ṣòro: ohun ìwọ̀n ni a fi wá ibi tí òjé wà, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni a fi hú òkè ilẹ̀, a sì bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ tí ó mọ́, a wá ri èyí tí a hú mọ́ kòtò tí kò ní jò. Ohun tí ó ṣòro ni owó. Ní abúlé Bagega, àwọn dókítà kò lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ kí a tó palẹ̀ ilẹ̀ mọ́, nítorí ọmọ tí a bá fọ oró kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lónìí yóò tún kó o ní ọ̀la. Ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlérí 850 mílíọ̀nù náírà ní oṣù Karùn-ún 2012. Oṣù Kìn-ín-ní 2013 ni owó náà tó jáde. Oṣù mẹ́jọ ni àwọn ọmọ náà fi dúró de owó tí a ti kéde pé ó wà.

Ọ̀ràn Ọ̀jọ́ wà láàárín Koko àti Zamfara. Ẹrù náà ti òkè òkun wá bí ti Koko, ṣùgbọ́n òjé rẹ̀ ń wọ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́ àwọn tálákà tí ń wá oúnjẹ òòjọ́, bí ti Zamfara. Ní 2005, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Basel Action Network kọ ìròyìn pé nǹkan bí 500 kọ̀ńténà kọ̀ǹpútà àlòkù ni ó ń gba Èkó wọlé lóṣooṣù, àti pé àwọn tí ó wà nídìí òwò náà sọ pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ṣeé tà, kò sì ṣeé tún ṣe. Ní 2011, àjọ NESREA gbé ìlànà jáde fún ẹ̀rọ iná, ohun tí ó sì wà nínú rẹ̀ fara jọ ti àwọn onítànṣán: ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ tàbí tí ó kó o wọ̀lú ni kí ó san owó ìsìnkú rẹ̀. Ní 2018 ni a dá EPRON sílẹ̀ láti máa gba owó náà, kí ó sì máa san án fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń tú òkú ẹ̀rọ palẹ̀ bí ó ti yẹ.

Ìdí tí owó náà fi ṣe pàtàkì hàn bí ènìyàn bá dúró ní ibi tí a ti ń ra kọ̀ndẹ́mù. Ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ yóò fi ẹ̀rọ bó wáyà dípò iná, yóò ra ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú fún òṣìṣẹ́, yóò sì sanwó kí a tó gba dígí olójèé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ń dáná sun wáyà kò san ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ilẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ẹ̀dọ̀fóró òun fúnra rẹ̀ ni ó ń bá a san án. Nítorí náà, iye tí òun lè fún ọlọ́mọlanke yóò máa ju ti ilé-iṣẹ́ lọ nígbà gbogbo. Ọlọ́pàá kò lè yí ìṣirò yìí padà. Bí wọ́n bá lé e kúrò níhìn-ín, yóò dáná rẹ̀ ní ibòmíràn. Owó nìkan ni ó lè dí àlàfo náà, kí ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ lọ síbi tí ó dára ni yóò rí èrè tí ó jù.

Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde iṣẹ́ kan tí owó rẹ̀ jẹ́ 15 mílíọ̀nù dọ́là: mílíọ̀nù 2 láti ọ̀dọ̀ àpò àyíká àgbáyé tí à ń pè ní GEF, àti mílíọ̀nù 13 tí a ń retí lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́. 270 tọ́ọ̀nù òkú ẹ̀rọ ni iṣẹ́ náà fẹ́ palẹ̀ rẹ̀ mọ́, pẹ̀lú 30 tọ́ọ̀nù ẹgbin tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Àjọ kan náà sọ pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ni à ń tú palẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, àti pé àwọn tí ń fi iṣẹ́ náà jẹun láìsí ìwé àṣẹ lè tó 100,000. Iṣẹ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ ni, kò sì yẹ kí a bú ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ 270 nínú 500,000 kò tó ìdá kan nínú 1,000.

Owó EPRON, bí ó bá tilẹ̀ kún, òkú ọ̀la ni ó wà fún. Òjé tí ó ti wọ ilẹ̀ kí 2011 tó dé ńkọ́? Àwọn tí ó kó àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn wọlé ti tú ká, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe wọ́n kò sí mọ́. Ìjọba nìkan ni ẹbí tí ó kù fún irú òkú bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni àpẹẹrẹ Hanford ti wúlò, kì í ṣe nítorí iye owó rẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé wọ́n ya owó ìwádìí àti owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, wọn kò dúró de ìgbà tí ọmọdé bá kú. Owó ìwádìí wà ní Nàìjíríà. TETFund, tí a dá sílẹ̀ ní ọ̀nà tí ó wà yìí ní 2011 láti inú owó orí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san, ya 7.5 bílíọ̀nù náírà sọ́tọ̀ ní 2020 fún ìwádìí ní àwọn yunifásítì ìjọba. Àwọn ìbéèrè tí ilẹ̀ Alábà ń bi onímọ̀ kò ga ju apá wa lọ: ibo ni òjé náà pọ̀ sí jù, báwo ni ó ti jìn tó, irú ewéko wo tàbí irú amọ̀ wo ni ó lè dè é mọ́lẹ̀ kí ó má baà wọ kànga, èló ni yóò ná wa láti bó wáyà láìsí iná. Yunifásítì kan sì wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbóòórùn èéfín náà. Ọkọ̀ ojú irin tí a ṣèlérí láti Marina dé Òkòkòmáíkò bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní 2023, ṣùgbọ́n Mile 2 ni apá tí a kọ́kọ́ ṣí mọ, nítorí náà àwọn ará agbègbè yìí mọ bí ó ti í rí láti dúró de owó ìjọba.

Láti oṣù Kìn-ín-ní 2025, Àdéhùn Basel ti sọ pé kò sí òkú ẹ̀rọ kankan, ìbáà jẹ́ olóró tàbí aláìlóró, tí a gbọ́dọ̀ kó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láìjẹ́ pé ìjọba ilẹ̀ náà kọ́kọ́ gbà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2015 àti 2016, nígbà tí àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ilé-iṣẹ́ Àdéhùn Basel tí ó wà ní Ìbàdàn dúró ní èbúté Èkó láti ka ẹrù tí ó ń wọlé, wọ́n rí i pé ó tó 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù tí ó ń wọlé lọ́dún, àti pé ó kéré tán ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ti kú kí ó tó dé. Nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù náà kò sì wá nínú kọ̀ńténà tí ó ní ìwé tirẹ̀. Inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni a dì wọ́n sí, lórí ìjókòó ẹ̀yìn àti nínú bùútù, ìwé ọkọ̀ sì ni ọkọ̀ náà fi wọlé.